Ìwúkàrà Tí Oògùn Kò Ràn Mọ́

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé. A mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ohun tí ojú àwa fúnra wa rí kò jẹ́ kí a lè dákẹ́.

Kò sí ẹni tí kò mọ ìwúkàrà nínú wa. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ nípa obìnrin inú Bíbélì tó pò ó mọ́ ìyẹ̀fun. Òun ni àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ń rà ní páálí, òun ló ń mú ẹmu hó nínú kèrègbè, ó sì wà nínú omi orí ògì tí a rẹ mọ́jú. Ohun alààyè ni. Inú ìdílé olú ni wọ́n kà á sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan rẹ̀. Oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà, ọ̀pọ̀ kò sì ṣe wá ní ibi kankan. Àwọn díẹ̀ ló ń fa àìsàn, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní Candida albicans.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn bà yín lẹ́rù. Ó ń gbé ní ẹnu, nínú ìfun àti ní ojú ara ọ̀pọ̀ obìnrin tí ara wọn le, láìdá wàhálà sílẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí rere tó ń bá a gbé ni kì í jẹ́ kó pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ìbátan àwọn tó ń mú ògì kan ni wọ́n. Wọ́n máa ń mú kí ojú ara kan díẹ̀, Candida kò sì ní ráyè gbilẹ̀ níbẹ̀. Bí obìnrin bá wá lo áńtíbáọ́tíìkì nítorí ikọ́ tàbí nítorí eyín, oògùn náà lè pa àwọn kòkòrò rere wọ̀nyí, kò sì ní ṣe ìwúkàrà ní nǹkan kan. Ilé ti ṣófo fún un nìyẹn. Oyún pẹ̀lú máa ń mú kó pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ìtọ̀ ṣúgà, àti kòkòrò HIV tó ń sọ ara di aláìlágbára.

Nígbà tó bá ti pọ̀ jù, ojú ara yóò máa yún obìnrin tọ̀sán tòru, yóò máa ta á bí ó bá ń tọ̀, ohun funfun kan yóò sì máa jáde tó dì bíi wàrà. Kì í sábà rùn. Ní ti ọmọ ọwọ́, funfun kan ni yóò bo ahọ́n rẹ̀ àti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fi aṣọ nù ún, kò ní tètè lọ bí wàrà ọmú ṣe máa ń lọ. Wọ́n ní nínú obìnrin mẹ́rin, bíi mẹ́ta ni yóò ní ti ojú ara ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láyé wọn. Nítorí náà, kò sí ohun ìtìjú kankan níbẹ̀.

Àwa ni a sọ ọ́ ní “toilet infection”. Orúkọ yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ wa lọ́nà. Kì í ṣe orí àga ilé ìgbẹ́ ni a ti ń kó Candida, inú ara wa gan-an ló ti sábà ń wá. Yàtọ̀ sí èyí, ó kéré tán, àìsàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ orúkọ kan náà lẹ́nu wa. Ti ìwúkàrà wà níbẹ̀. Èyí tó ń wá nígbà tí bakitéríà ojú ara bá dàrú wà níbẹ̀, èyí tó máa ń rùn bí ẹja. Èyí tí tọkọtaya ń kó ran ara wọn, tí wọ́n ń pè ní trichomonas, tún wà níbẹ̀. Oògùn ti ìwúkàrà kò kan àwọn méjì tó kù rárá. Ẹni tó bá sì ń ta oògùn nínú báàsì kò lè mọ èyí tó ń ṣe yín nígbà tí ẹ kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ìjókòó.

Àwa tí a ń kọ ẹ̀kọ́ yìí náà jẹ̀bi. A ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ti pẹ́ tí a ti rí nǹkan oṣù mọ. Ikọ́ ló kọ́kọ́ ṣe wá. Lọ́jọ́ ọjà ní Ṣàrẹ́ níbí, a ra kápúsù aláwọ̀ méjì, a lo díẹ̀ nínú rẹ̀, ikọ́ lọ, a tọ́jú ìyókù sínú báàgì. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí yíyún fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa kan ní “toilet infection” ni, kí a lọ ra fluconazole, ẹyọ kan péré ni wọ́n ń lò. A rà á, a gbé e mì, ara tù wá. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó tún dé. A tún rà á. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìtura kékeré yẹn gan-an kò wá mọ́. Ọmọkùnrin tó ń ta oògùn náà ní kí a lo méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fi ìpara kan lé e. Oṣù márùn-ún la fi ṣe èyí, a kò sọ fún ọmọ kankan nínú àwọn ọmọ wa, nítorí báwo la ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà?

Ìgbẹ̀yìn ni ọmọ wa obìnrin fura, ó mú wa lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìlọrin. Dókítà náà kò bínú. Ó kàn bi wá pé, “Mama, ta ló ti yẹ̀ yín wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn?” Wọ́n fi òwú mú díẹ̀ nínú ohun tó ń jáde, wọ́n ní yóò gba ọjọ́ mélòó kan, nítorí wọ́n ní láti gbìn ín kó hù kí wọ́n tó lè mọ irú èyí tó jẹ́, kí wọ́n sì dán oògùn wò lára rẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Dókítà ní obìnrin tí kò rí nǹkan oṣù mọ́, tí irú èyí ń ṣe léraléra, ó yẹ kí a wo ṣúgà ara rẹ̀. Èsì dé: ìwúkàrà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe Candida albicans. Candida glabrata ni, fluconazole kò sì ràn án. Ṣúgà wa sì ti ga kọjá ààlà. Àṣé nígbà tí a ń gbé kápúsù mì, àìsàn ìtọ̀ ṣúgà tí a kò mọ̀ pé a ní ló ń bọ́ ìwúkàrà náà láti inú.

Báwo ni ohun kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe lè mú oògùn òyìnbó lẹ́mìí? Ìbéèrè tí a gbé délé nìyí, tí a sì lọ wádìí.

Nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ohun tí a gbà lọ́kàn ni pé kòkòrò àìfojúrí kò ju kòkòrò àìfojúrí lọ. A sì fi kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n jọ̀wọ́ dárí jì wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bakitéríà yàtọ̀ púpọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì ara wa, ìdí nìyẹn tí oògùn tó ń pa á láìpa wá fi pọ̀ lọ jàra. Sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà, bí a bá tú u wò, ó jọ tiwa púpọ̀. Bí olè bá wọlé lóru tó sì wọ irú aṣọ tí onílé wọ̀, ẹ ó ṣọ́ra kí ẹ tó ju kùmọ̀. Nítorí náà ni oògùn ìwúkàrà kò fi pọ̀. Bí ó bá di àìsàn ńlá tó wọ inú ẹ̀jẹ̀, nǹkan bí ìdílé oògùn mẹ́ta péré ni àwọn dókítà gbójú lé jù. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, a kò ní ọ̀pọ̀ tó kù.

Obìnrin méjì ló rí oògùn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó ṣeé lò fún ènìyàn láìléwu púpọ̀, inú wa sì dùn láti sọ ìtàn wọn níhìn-ín. Elizabeth Hazen wà ní ìlú New York, Rachel Brown wà ní Albany, iṣẹ́ ìlera ìjọba ìpínlẹ̀ New York ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Hazen yóò wá erùpẹ̀ láti ibi gbogbo, yóò gbin kòkòrò inú rẹ̀, yóò wo èyí tó lè pa ìwúkàrà, yóò sì fi í ránṣẹ́ sí Brown nínú ìgò láti ilé ìfìwéránṣẹ́. Brown yóò yọ oje rẹ̀ sọ́tọ̀, yóò dá a padà bákan náà. Nínú erùpẹ̀ oko ọ̀rẹ́ Hazen kan ní Virginia ni wọ́n ti bá ohun tí wọ́n ń wá. Wọ́n kéde rẹ̀ ní ọdún 1950, wọ́n sì fi orúkọ ìpínlẹ̀ wọn sọ ọ́ ní nystatin. Òun ni omi òféèfèé tí wọ́n ń kán sí ẹnu ọmọ ọwọ́ títí di òní. Owó tó wọlé lórí rẹ̀ ju mílíọ̀nù 13 dọ́là lọ. Wọn kò mú kọ́bọ̀ níbẹ̀ sápò ara wọn, ìwádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n yà á sí.

Bí nystatin ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà ní ọ̀rá kan nínú tí wọ́n ń pè ní ergosterol. Irú èyí kò sí lára tiwa, cholesterol ni tiwa. Nystatin yóò lẹ̀ mọ́ ergosterol yìí, yóò dá awọ náà lu, ohun inú rẹ̀ yóò sì máa jò dànù. Fluconazole tó dé ọjà Amẹ́ríkà ní ọdún 1990 kì í dá awọ lu ní tirẹ̀. Ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń bá ìwúkàrà pèsè ergosterol, òun ni fluconazole ń dí lọ́wọ́. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn dí birikìlà lọ́wọ́ kó má lè po amọ̀: ilé tí à ń mọ kò ní gòkè mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kì í sábà pa Candida. Ó kàn ń dá a dúró ni, ara wa ni yóò parí iṣẹ́ tó kù. Bí ara kò bá lágbára, tàbí tí ṣúgà ń bọ́ ọ lójoojúmọ́, ìwúkàrà yóò wà níbẹ̀, yóò máa dúró de ìgbà tí oògùn bá tán lára.

Nínú ẹgbàágbèje ìwúkàrà tó wà lára ènìyàn kan, gbogbo wọn kò rí bákan náà. Nígbà tí wọ́n bá ń bí sí i, àṣìṣe kékeré máa ń wọlé. Èyí kan lè ní ẹ́ńsáìmù tí ẹnu rẹ̀ ti yí díẹ̀, bí àgádágodo tí wọ́n pààrọ̀ inú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tí à ń lò tẹ́lẹ̀ kò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Èyí kan lè máa pèsè ẹ́ńsáìmù náà ní ìlọ́po ìlọ́po títí oògùn kò fi ní káárí. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù lára Candida glabrata, tiwa gan-an, ni ti gbígbọ́n. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń jò rí yóò mọ bí ọlọ́kọ̀ ṣe máa ń fi igbá gbọ́n omi dà sódò láìsinmi. Ìwúkàrà yìí ní irú igbá bẹ́ẹ̀ lára awọ rẹ̀. Bí fluconazole ṣe ń wọlé ni ó ń gbọ́n ọn síta.

Ẹ má rò pé wọ́n jókòó gbìmọ̀ láti bá oògùn jà. Ẹ wo oko tí koríko oríṣiríṣi hù sí, tí a wá ń fi ọkọ́ gé orí wọn léraléra láìwú gbòǹgbò. Àwọn tí kò lágbára yóò kú. Èkan kò ní kú, yóò tún rú. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ títí, gbogbo oko yóò di ti èkan. Gbogbo ìgbà tí a bá gbé fluconazole mì láìnídìí, tàbí léraléra láìmọ ohun tó wà nílẹ̀, èkan ni à ń ro oko fún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 fi èyí hàn kedere. Àwọn aláìsàn éèdì nígbà náà, kí oògùn HIV tó dára tó tó dé, funfun ẹnu a máa bo ọ̀fun wọn débi pé oúnjẹ kò lè kọjá. Wọ́n fi fluconazole tọ́jú wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lára wọn ni àwọn dókítà ti kọ́kọ́ rí Candida albicans tí oògùn náà kò ràn mọ́ lọ́nà tó pọ̀. Ó di dandan ni wọ́n lò ó fún wọn, kò sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi. Tiwa tí à ń gbé e mì bí èso àgbálùmọ̀ ńkọ́?

Ìwúkàrà mìíràn tún wà tí fluconazole kò ràn láti ilẹ̀ wá. Candida krusei ni wọ́n ń pè é. Àwọn onímọ̀ tó yẹ ògì wò ní ilẹ̀ Yorùbá bá a nínú rẹ̀, ó wà lára àwọn tó ń fún ògì ní òórùn àti adùn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí da ẹ̀kọ nù o! Ẹni tí ara rẹ̀ dá kò ní ìṣòro pẹ̀lú rẹ̀. Ara aláìsàn tó rẹ̀ gan-an ni ó ti sábà ń di àìsàn.

A óò tún mẹ́nu ba ọ̀kan tó ń ba àwọn dókítà lẹ́rù lónìí. Ní ọdún 2009 ni wọ́n ròyìn rẹ̀ ní Japan, inú etí ìyá àgbà kan ni wọ́n ti rí i, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní Candida auris, torí auris túmọ̀ sí etí ní èdè Látìnì. Kì í ṣe ìyá tó ń rìn lọ́jà ló ń mú, àwọn tó dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn fún ìgbà pípẹ́ ni. Ó lè wà lára bẹ́ẹ̀dì àti irin ìdìmú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, láti ibẹ̀ ni yóò ti bá ọwọ́ lọ sára ẹlòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, nínú mẹ́wàá tí wọ́n yẹ̀ wò, bíi mẹ́sàn-án ni fluconazole kò ràn, bíi mẹ́ta sì ni amphotericin B, oògùn alágbára tí wọ́n ń fà sí ara, kò ràn. Ní ọdún 2022 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Rita Oladele ti Yunifásítì Èkó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ti Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ ẹ́ jáde pé ó ti dé Nàìjíríà, lára àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn. Ọdún 2022 náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé to orúkọ mọ́kàndínlógún àwọn ìdílé olú tó léwu jù fún ènìyàn. Candida auris àti Candida albicans wà lára mẹ́rin tí wọ́n fi sí òkè pátápátá. Nítorí náà, bí a bá lọ kí aláìsàn wa, kí a fọ ọwọ́ nígbà tí a bá dé àti nígbà tí a bá ń lọ, kí a má sì jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. A mọ̀ pé ó nira, nítorí a fẹ́ràn láti jókòó ti ènìyàn.

Ó ku ohun kan tí a fẹ́ kí àwọn àgbà inú wa gbọ́. Ìwúkàrà lè kó ara rẹ̀ jọ, kó ṣe ohun yọ̀rọ̀ kan bo ara rẹ̀, bí èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú àmù tí a kò fọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Oògùn kì í tètè wọ inú rẹ̀. Lára eyín àtọwọ́dá ni ó fẹ́ràn jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó, ẹ máa yọ ọ́ bí ẹ bá fẹ́ sùn, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ dáadáa. Bí òkè ẹnu bá ti ń pọ́n tó sì ń ta yín, ẹ fi han dókítà eyín. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ ọwọ́, bí ẹnu ọmọ bá funfun, kí wọ́n yẹ orí ọmú yín wò pẹ̀lú, nítorí bí a bá tọ́jú ọmọ nìkan, wọn yóò máa dá a padà fún ara wọn ni. Ẹ má fi ìyókù oògùn ọmọ kan kán sí ẹnu ọmọ mìíràn. Ní ti àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa tó ń fi ọṣẹ, álọ́ọ̀mù àti kànáfùrù fọ inú ojú ara, àwọn kòkòrò rere tí a sọ lókè ni wọ́n ń fọ̀ dànù. Omi lásán tó, ìta nìkan sì ni.

Wọ́n yí oògùn tiwa padà sí èyí tí a ń fi sí ojú ara lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì bá wa mú ṣúgà wálẹ̀. Yíyún náà lọ. Owó àyẹ̀wò náà dùn wá nígbà tí a san án, ṣùgbọ́n nígbà tí a ro owó kápúsù oṣù márùn-ún pọ̀, ti kápúsù ló pọ̀ jù.

Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù wo inú báàgì rẹ̀ àti abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, kó kó gbogbo páálí àti ìyókù oògùn tó bá rí wá. Nọ́ọ̀sì kan nínú wa ti gbà láti jókòó tì wá, yóò ka orúkọ tó wà lára wọn sétí wa, èyí tó jẹ́ ti bakitéríà àti èyí tó jẹ́ ti ìwúkàrà. Ẹni tí yíyún yìí bá ti ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàrin ọdún kan lè pè é sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìpàdé. Tiwa ni a ó kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì.